Títọ́jú Awọ àti Bíbó Awọ

Ìwúre àgbà Yorùbá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ó má mẹ́nu ba ogbó àti ató. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, bí a bá ń fa ìyàwó fún ọkọ, bí a bá ń ṣí ilé tuntun, ohun tí a máa ń tọrọ ni pé kí ẹni náà gbó, kí ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ogbó kì í dá wá. Bí ó ti ń mú ewú bọ̀ wá sí orí ni ó ń mú ìhunjọ bọ̀ wá sí ojú, bí ènìyàn bá sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú oòrùn, awọ ojú rẹ̀ lè le kí ó sì ní àbàwọ́n káàkiri. Ọmọ ènìyàn wá ń ṣe ohun kan tí ó yani lẹ́nu: ó ń fi ẹnu tọrọ ogbó, ó sì ń fi ọwọ́ lé e kúrò ní ojú rẹ̀. Ìtàn ọwọ́ tí ń lé ogbó kúrò ní ojú yìí ni mo fẹ́ sọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ ni pé apá kan nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí, kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èdè, nítorí pé èdè ni iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni Yorùbá ń lò jù nígbà tí a bá ń sọ ohun tí ènìyàn ń fi awọ ara rẹ̀ ṣe. Èkínní ni ‘tọ́jú’. A ń tọ́jú ọmọ, a ń tọ́jú ilé, a ń tọ́jú awọ: ohun tí a tọ́jú, a fẹ́ kí ó wà pẹ́ bí ó ti wà ni. Èkejì ni ‘bó’. A ń bó ẹ̀pà, a ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ń bó ọsàn: ohun tí a bó, a ti sọ èèpo rẹ̀ nù. Nígbà tí àṣà fífi ìpara sọ ara dúdú di pupa dé sí àárín wa, àwọn ènìyàn wa kò pè é ní ìtọ́jú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ‘ó ń bóra’. Ìdájọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. A ó sì rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ yìí bá iṣẹ́ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń ṣe sí awọ ojú mu ju bí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti lè mọ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ wa, ìtọ́jú ni a kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn ìyá wa a máa lọ osùn lórí ọlọ, wọn a sì pò ó mọ́ òrí tàbí àdín, kí wọ́n tó fi kun ara ọmọ tuntun àti ìyá rẹ̀. Ìyàwó tí ń lọ sí ilé ọkọ a máa kun osùn. Láti ìhà ọ̀dàn ni òrí ti ń wá, nítorí pé ibẹ̀ ni igi rẹ̀ ti ń hù. Èkùrọ́ ni a sì ń yan kí a tó rí àdín. Eérú àti àdín ni a fi ń se ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn ni a sì fi ń fi í wẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀yìn awọ ni wọ́n dúró. Òrí kò jẹ́ kí ọyẹ́ ha awọ, osùn sì ń fún un ní ẹwà àti ọlá fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá wẹ osùn kúrò, awọ tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni a ó bá. Ní ti oòrùn, àgbẹ̀ a máa jí lọ sí oko ní ìdájí, akẹtẹ̀ rẹ̀ a sì wà ní orí rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá kàn án lórí.

Èmi kò sọ pé ẹwà kò jẹ àwọn baba wa lógún, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé àwọ̀ pupa kò wù wọ́n. A ní ‘apọ́nbéporẹ́’ nínú oríkì ẹwà wa. Ṣùgbọ́n a ní ‘adúmáadán’ pẹ̀lú, a kò sì fi ọ̀kan gun èkejì lórí. Ẹni tí ó pupa, Ẹlẹ́dàá ni ó dá a ní pupa. Ẹni tí ó dú, a fẹ́ kí ó dú kí ó sì máa dán. Dídán yẹn ni iṣẹ́ ìtọ́jú.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ogbó ojú ń kọ lóminú. Ní ọdún 1862, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Edwin Smith ra ìwé àtijọ́ kan ní Luxor ní ilẹ̀ Íjíbítì, èyí tí wọ́n ti kọ ní nǹkan bí 1600 ọdún kí a tó bí Jésù. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Henry Breasted tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1930. Ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ àti eegun kíkán ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ìwé náà, ẹnì kan kọ bí a ṣe ń fi èso kan ṣe ìpara tí yóò sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Ìwé tí ó wà fún ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ náà ni ẹni tí ń sá fún ogbó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí lẹ́yìn.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin ọlọ́lá a máa kun àtíkè funfun tí wọ́n fi òjé ṣe. Ojú funfun báláú ni ẹ̀rí pé ẹni náà kì í ṣe iṣẹ́ oko, pé oòrùn kò mọ ojú ilé rẹ̀. Òjé sì jẹ́ májèlé. Bí ó ti ń ba awọ jẹ́ ni wọ́n ń kun púpọ̀ sí i láti bo ohun tí ó bàjẹ́.

Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni bíbó ti di iṣẹ́ dókítà. Ọ̀gá nínú wọn ni Paul Gerson Unna, oníṣègùn awọ ara ní ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1882, ó ṣe àlàyé bí àwọn kẹ́míkà bíi phenol àti salicylic acid ṣe ń ṣiṣẹ́ lára awọ. Kò sí àdììtú nínú rẹ̀: kẹ́míkà náà yóò jó awọ òkè, awọ náà yóò kú, yóò sì bó sílẹ̀, awọ tuntun yóò sì jáde láti ìsàlẹ̀. Unna kan náà ni ó ṣe àkíyèsí ní 1894 pé awọ ojú àti ọrùn àwọn atukọ̀ òkun máa ń nípọn, a sì máa gbó ṣáájú ọjọ́, nítorí oòrùn àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó sọ ohun tí oòrùn ń ṣe sí awọ, tí ó sì tún sọ bí a ṣe lè bó o. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti so pọ̀.

Ní 1905, Ernst Kromayer ní ìlú Berlin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tí ń yí ha awọ ojú, bí ìgbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ń ha pákó. Láti nǹkan bí 1930 títí di 1950, àwọn obìnrin kan tí kì í ṣe dókítà ń fi phenol bó ojú àwọn olówó ní Los Angeles, olúkúlùkù sì fi bí ó ṣe ń po tirẹ̀ ṣe àṣírí. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà gba iṣẹ́ náà. Thomas Baker àti Howard Gordon, ní Miami, ni ó tẹ àpòpọ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀ jáde láàárín 1961 àti 1962. Ìhunjọ ojú a máa pòórá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n phenol lè da lílù ọkàn rú, nítorí náà ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọkàn ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ohun kan tún wà tí àwọn dókítà tètè rí: ibi tí phenol bá kàn lè funfun títí láé. Ara aláwọ̀ dúdú kò gbà á. Yorùbá ti sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó láti san kì í fẹ́ gbọ́ irú òwe bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò yìí kan náà, ayé yí padà fún òyìnbó. Nígbà tí iṣẹ́ oko di iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ, tí tálákà ń wà nínú ilé tí oòrùn kì í wọ̀, ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sínú oòrùn ní etí òkun kí ara rẹ̀ lè pọ́n. Láti nǹkan bí 1920 ni èyí ti di àṣà. Lẹ́yìn ogójì ọdún, àwọn tí wọ́n ti ń yá oòrùn láti kékeré wá ní ojú atukọ̀ òkun tí Unna rí. Ọjà ńlá ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè rí oògùn rẹ̀.

Ẹni tí ó rí oògùn náà ni Albert Kligman, ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn awọ ara ní Yunifásítì Pennsylvania ní Philadelphia. Ní 1951, wọ́n pè é sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Holmesburg ní ìlú náà kí ó wá wo àrùn ẹsẹ̀ kan tí ń yọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n lẹ́nu. Ó débẹ̀, ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tí wọn kò ní ibi tí wọn yóò lọ. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún oníwèé ìròyìn ní 1966 pé awọ, ékà lórí ékà, ni òun rí níwájú òun, bí àgbẹ̀ tí ó rí ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ọ̀rọ̀ yìí ni Allen Hornblum fi ṣe orúkọ ìwé tí ó kọ lórí ọ̀ràn náà ní 1998.

Láti 1951 títí di 1974 ni wọ́n fi ń dán nǹkan wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n Holmesburg: ìpara, ọṣẹ ìfọrun, oògùn, títí kan dioxin tí ó jẹ́ májèlé líle. Wọn a máa lẹ nǹkan mọ́ ẹ̀yìn wọn, wọn a sì máa gé lára awọ wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Owó béèlì ni wọn kò rí san, dọ́là díẹ̀ tí wọ́n ń rí gbà nínú ìwádìí yìí ni wọ́n sì fi ń wá a. Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú kí Kligman tó wọ Holmesburg, ní 1947, ni àwọn adájọ́ ní Nuremberg ti dá àwọn dókítà Hitler lẹ́jọ́, tí wọ́n sì fi òfin lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ dán oògùn wò lára ènìyàn láìjẹ́ pé ó fi òmìnira yọ̀ǹda ara rẹ̀. Kligman sọ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀ pé ohun tí òun ṣe bá ìlànà ìgbà náà mu. Ṣùgbọ́n òmìnira wo ni ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ní, tí yóò fi yọ̀ǹda ara rẹ̀? Awọ ni kò ká ojú ìlù níta, ni wọ́n ṣe lọ wá a sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Lára ohun tí wọ́n dán wò níbẹ̀ ni tretinoin, ọmọ ìyá vitamin A. Ní 1971, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn rorẹ́. Àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn ti lọ díẹ̀ tí wọ́n ń lò ó fún rorẹ́ wá rí i pé ojú wọn ń jọ̀lọ̀. Ní oṣù kìíní 1988, àwọn oníwàádìí ní Michigan tẹ èsì ìwádìí wọn jáde lórí 30 ènìyàn tí wọ́n lò ó fún ọ̀sẹ̀ 16, pé ó ń dín àmì tí oòrùn dá sí ojú kù lóòótọ́. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ sí ilé oògùn. Ní ìparí 1995, ìjọba fi àṣẹ sí i fún ìhunjọ ojú. Èmi kò sọ pé oògùn náà kò dára. Ó ń ṣiṣẹ́, àwọn dókítà gidi sì ń lò ó títí di òní. Ohun tí mo ń sọ ni pé awọ tí ó kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀ kọ́ ni awọ tí ó jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ̀ka kejì nínú ìtàn yìí tún wà, ara àwọn òṣìṣẹ́ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1939, àwọn dókítà mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Oliver, Schwartz àti Warren, ròyìn pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń pọn awọ ẹran ń di funfun. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó hàn lára wọn jù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ni ó fà á: kẹ́míkà kan wà nínú rọ́bà náà, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé hydroquinone. Ohun tí ó jẹ́ jàǹbá fún alágbàṣe ni oníṣòwò rí bí ọjà. Láìpẹ́ láìjìnnà, ìdílé kẹ́míkà yìí ti wọ inú ìpara.

Ní 1975, Kligman àti ẹnì kejì rẹ̀, Isaac Willis, tẹ àpòpọ̀ kan jáde: tretinoin, hydroquinone àti èròjà steroid, mẹ́ta lọ́kan. Wọ́n ní í lọ́kàn fún àbàwọ́n ojú, lábẹ́ ojú dókítà. Ní ọdún 1975 yìí kan náà ni Findlay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn láti Gúúsù Áfíríkà pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń lo ìpara hydroquinone ń ní awọ dúdú kirikiri tí ó le bí ẹ̀yìn alángbá, pàápàá ní ibi tí oòrùn ń pa jù. Bí èkínní ti ń kọ ìwé oògùn ni èkejì ń kọ ìwé àrùn. Gúúsù Áfíríkà fi òfin de irú ìpara bẹ́ẹ̀ ní 1990.

Nípa tiwa, Fẹlá ti kọrin lórí rẹ̀ ní 1976 nínú àwo rẹ̀ tí ó pè ní ‘Yellow Fever’. Orin náà dùn mọ́ wa, a jó sí i, ọjà ìpara kò sì dúró. Ní òde òní, àpòpọ̀ mẹ́ta lọ́kan ti kúrò lọ́wọ́ dókítà. Ó ti di ohun tí wọ́n ń pò nínú ike ní ọjà, láìsí ẹni tí ó wọn steroid tàbí hydroquinone tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn mẹ́kúrì a máa wà níbẹ̀, èyí tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Orúkọ tí àwọn tí ń tà á sọ ọ́ ni ìtọ́jú ojú. Awọ ẹni tí ó bá lò ó pẹ́ a di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oríkèé ìka rẹ̀ a dúró ní dúdú láti jẹ́rìí, bí iṣẹ́ abẹ bá sì dé, ojú ọgbẹ́ kì í fẹ́ jinná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Ní 1979, àwọn oníwàádìí mẹ́rin wọn ìtànṣán oòrùn tí ń jóni tí ń gba inú awọ òkè kọjá. Nínú 100, nǹkan bí 24 ni ó ń gba inú awọ funfun kọjá, 7.4 péré ni ó ń gba inú awọ dúdú. Melanin, èròjà tí ń mú awọ dúdú, ni asà tí ó dá ìyókù dúró. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ni Kligman. Nítorí náà, ìhunjọ tí oòrùn ń mú wá kì í tètè bá wa bí ó ti ń bá òyìnbó. Ẹni tí ó bóra ti sọ asà rẹ̀ nù. Ó ti fi owó ra ojú atukọ̀ òkun tí Unna rí ní 1894. Bíbó, tí wọ́n ń tà fún wa bí oògùn ogbó ojú, ni ó ń mú irú ogbó bẹ́ẹ̀ wá bá ẹni tí kò tọ́ sí.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n bí láìní asà yìí, àwọn àfín, ọmọ Ọbàtálá. Fún wọn, ọ̀rọ̀ oòrùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, nítorí jẹjẹrẹ awọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára 903 àgbàlagbà ní ìlú Nambour ní Austrálíà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013, fi hàn pé awọ àwọn tí wọ́n ń kun ìpara adènà oòrùn lójoojúmọ́ kò gbó bí ti àwọn yòókù. Ìpara yìí kì í bó nǹkan kan. Ẹ̀yìn awọ ni ó ń dúró, bí òrí. Bí a bá fẹ́ ná owó lórí awọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ná an kí irú ìpara bẹ́ẹ̀ lè dé ọwọ́ àwọn ọmọ àfín ní ilé-ẹ̀kọ́, pẹ̀lú fìlà àti aṣọ alápá gígùn.

Ní ti Holmesburg, ní 2000, nǹkan bí 300 nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ náà pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù. Kligman kú ní 2010. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Pennsylvania tọrọ àforíjì ní 2021, ìjọba ìlú Philadelphia sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ àforíjì náà ti di ará ọ̀run.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú ojú rẹ̀. Bí dókítà tí ó mọṣẹ́ bá ní kí o lo oògùn kan, lò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kàn ọ́ lójú, bi í léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí o sì fi etí sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá iṣẹ́ náà mu: ṣé títọ́jú ni, àbí bíbó? Àwọn baba wa ti fi ọ̀rọ̀ méjèèjì lé wa lọ́wọ́. Àwa ni a jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà fi èkínní pe èkejì.